Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Kámẹ́rà

Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí ìdánwò yẹn. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń sọ ọ́, èmi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Inú yàrá mi nílé bàbá mi ní Tudun Wada, lápá àríwá níbí, ni mo ti ń kọ ètò tí àwọn ilé ìtajà fi ń mọ ohun tí wọ́n tà àti ohun tó kù, fún ilé iṣẹ́ kan ní Àbújá. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí ètò ilé oògùn kan ní àdúgbò PZ dojú rú, èmi ni wọ́n sáré pè, èmi náà ni mo tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ náà. Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò máa darí àwa tó kù, ni ọ̀gá mi wá ní òun ò lè yan ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí òkè òkun, torí àwọn oníbàárà ń béèrè. Ó ní kí n gbà á kí oṣù tó parí.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ ipò yẹn gan-an. Ó ti sú mi kí àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ máa wá pàṣẹ fún mi.

Ó tún béèrè àwọn àpérò tí mo ti lọ. Ẹyọ kan péré ni mo lọ rí. Wọ́n fún wa ní báàgì, wọ́n fi káàdì kọ́ wa lọ́rùn bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, olùbánisọ̀rọ̀ wá ń ka ohun tó hàn lára ògiri sí wa létí bí ẹni pé a ò mọ̀wé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀, lẹ́nu ọkùnrin kan tá a jọ tò fún oúnjẹ ni mo ti kọ́ ọ.

Ìwé tí mo kà fún ìdánwò wúlò ní tiẹ̀. Ó fi àṣìṣe tí mo ti ń ṣe tipẹ́ hàn mí. Ètò ìdánwò náà gan-an ló ń bí mi nínú. Ilé ni èèyàn ti ń ṣe é, níwájú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tí o ò mọ̀ rí á sì máa ṣọ́ ọ láti òkè òkun. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Ojú rẹ ò gbọdọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà. Ẹni tó ṣe òfin yìí, mi ò rò pé ó ní ẹbí.

Mo bẹ aládùúgbò wa tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata pé kó dúró di ọ̀sán. Ó ní, "To, ba damuwa," pé kò séwu. Màmá mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà mi bíi mègádì.

Mo ti dáhùn ju ìdajì lọ, ọkàn mi sì ti balẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Ńlá lágbàálá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Ńlá, àwọn ló tọ́ bàbá mi dàgbà. Wọ́n wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi làwọn máa kọ́kọ́ yà. Mo gbọ́ tí màmá mi ń ṣàlàyé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ló máa sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé kó má wọlé? Ìlẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ máa ṣe? Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí kámẹ́rà. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn." Mo rò pé wọ́n á ní kí n dìde kíákíá. Oríkì ni Ìyá Ńlá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kì mí, wọ́n ki bàbá mi, wọ́n dé orí àwọn tó jagun, wọ́n tún padà sórí mi. Ta ló ń dìde nígbà tí àgbà ń kì í? Mo nà sílẹ̀ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń dún lórí tábìlì.

Kí n tó dìde, àwọn onídàánwò ti pa á dé. Wọ́n ní mo kúrò níwájú kámẹ́rà, mo sì bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, n ò ní lè tún un ṣe títí oṣù á fi parí. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn.

Ìyá Ńlá rí ojú mi, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọ yẹn, ṣé kò rí i pé ò ń kí mi ni?"

"Ó rí i mà."

"Kí ló wá ń bí i nínú?"

N ò rí ẹni tí mo lè bínú sí nínú ilé náà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá mi fi pè láti Àbújá. Ọmọ Yorùbá ni, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á yé e. Ó sì yé e. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ títí dórí oríkì. Ó ní, "Àbúrò, èmi náà ì bá dọ̀bálẹ̀." Ó wá ní àwọn ti fi ẹlòmíì sípò náà, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, torí ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ ti dé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa ràn án lọ́wọ́.

Ìyá Ńlá jókòó tì mí, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Wọ́n béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀gá mi ni.

"Bá mi kí i," ni wọ́n wí. "Sọ fún un pé ó ṣeun tó ń bá wa tọ́jú ọmọ wa."

Mo jíṣẹ́ fún un bí wọ́n ṣe rán mi.