Kíláàsì Abẹ́ Igi Kajú

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé-ìwé girama kan ní Kábà, àkókò tó máa ń já mi láyà jù ni ìgbà tí kajú bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọyẹ́ yóò ti máa palẹ̀ mọ́, òórùn èso náà yóò gba gbogbo ìlú, àwọn ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ní kíláàsì. Lónìí, àga kan yóò ṣófo lẹ́yìn; kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, odindi ìlà kan ti lọ. Bí kajú bá tán, àwọn kan á padà wá, wọ́n á ti gbàgbé èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́. Àwọn mìíràn kì í padà mọ́.

Mo ń ṣe àárò ibẹ̀ gan-an báyìí. Ọ́fíìsì mi, yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù àti nẹ́ẹ̀tì sí tẹ́lẹ̀ ni, awọ bọ́ọ̀lù ló sì ń rùn títí mo fi kúrò níbẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè. Ní àárọ̀, àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ á kọjá, wọ́n á na ọrùn wolé, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní agbègbè wa, “Okun o, mà!” Ọmọ Amuro ni mí, èdè Ìyàgbà ló wà lẹ́nu mi. Bí mo bá kí wọn padà, inú wọn á dùn; bí mo bá wá fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ohùn mi, wọ́n á sì máa sín mi jẹ lọ títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ní ọdún kan, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí. Obìnrin Ìjùmú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, “Àwọn ọmọ tó ti fẹ́ máa fi ilé-ìwé sílẹ̀ yìí, kí lẹ fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ wọn? Mi ò fẹ́ ìwàásù o. Ètò ni mo fẹ́, èyí tí a lè padà wò lẹ́yìn, ká mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.”

Mo lọ, mo ṣètò. Mo kó àwọn ọmọ tí ọkàn wa kò balẹ̀ lórí wọn jọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì kan wá bá wọn sọ̀rọ̀, mo pe lọ́yà kan, mo pe akọ̀wé báńkì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n béèrè ìbéèrè, àní wọ́n tilẹ̀ kọrin. Mo rò pé iṣẹ́ ti ṣe. Kajú pọ́n, wọ́n sì bá kajú lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò gba ọgbọ́n púpọ̀ láti rí i pé ètò mi kò mú nǹkan kan dúró.

Nínú àwọn tó lọ, ọ̀kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin kan ni, tó wà ní kíláàsì kẹta, ọmọ abúlé oko kan lójú ọ̀nà Òkè-Bùkún. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Kábà. Ó já fáfá, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ló ti dákẹ́ lójijì. Àwọn olùkọ́ kan ní ọkùnrin ló ti tàn án. Àwọn kan ní ilé-ìwé ti sú u. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i kí n tó gba ọ̀kankan gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo gun ọ̀kadà lọ. Ọ̀nà náà pupa, eruku rẹ̀ bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, abẹ́ igi kajú ni mo ti bá a, ó ń fọwọ́ yí kóró kúrò lára èso, oje ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó nítòsí rẹ̀ lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe rí mi, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá yẹn, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

Bàbá náà gbé orí sókè. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. “Ta nìyẹn? Ẹsẹ̀ oníbàtà ni mo gbọ́ yẹn, kì í ṣe ará oko.”

Mo ní, “Olùkọ́ rẹ̀ ni mí, bàbá. Okun o.”

“Okun, ọmọ mi. Ohùn Ìyàgbà lèyí! Kí ni Ìyàgbà ń wá dé oko Bùnù?”

A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà gbé àga wá láti inú ilé, kó sì bu omi fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ṣàlàyé. Òun ni ó bí ìyá ọmọ náà. Bàbá ọmọ ti kú, ìyá rẹ̀ sì wà ní Abuja níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ilé. Ojú òun ti ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wá di pé ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀ sí òun mọ́. Wọ́n ní kó wá máa gbé ní ìlú, ó kọ̀. Oko yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, òfì tí ìyàwó náà fi ń hun aṣọ sì wà níbẹ̀ nínú yàrá, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò níbi tó wà.

“Ṣé ó sọ ọ̀rọ̀ iná fún yín?” ni ó bi mí.

Mo ní rárá.

“Ẹ̀rùn tó kọjá ni. Àwọn ọdẹ ti iná bọ ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e wá síhìn-ín. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà, mi ò mọ ibi tí mo lè gbà. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni mo wà. Ìsinmi ni ọmọ yìí wá lò. Odò ló lọ, òun ló sáré wá wọ́ mi jáde.”

Mo wo ọmọ náà. Kóró kajú ló tún tẹjú mọ́. Mo rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà mú èso kan, mo ń yí i. Ó ń bá kóró tirẹ̀ lọ, ó ní:

“Mà, bí mo bá jókòó ní kíláàsì, òórùn èéfín ni mo máa ń gbọ́. Ẹlòmíràn lè máa se ọbẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Èmi á rò pé oko wa ni.”

Ohun tó gbé e kúrò ní kíláàsì nìyẹn. Kì í ṣe ọkùnrin, kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí mo ń padà lọ sílé lórí ọ̀kadà, mo ń rántí lọ́yà àti akọ̀wé báńkì tí mo pè wá bá a sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ wọn dára. Kò kàn sí èyí tó kan iná nínú rẹ̀ ni.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo wọlé tọ ọ̀gá wa lọ. Mo ní, “Mà, a ò lè fipá kó àwọn ọmọ yìí kúrò lóko nígbà kajú. Ẹ jẹ́ ká gbé kíláàsì lọ bá wọn.”

Ó ní, “Ta ni yóò lọ?”

Àwọn àgùnbánirọ̀ méjì kan wà lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbà láti bá mi lọ ní ọ̀sán Sátidé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa ní kí a kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ náà ní ìdánwò kékeré ká lè mọ ibi tí wọ́n dé, ká tún fún wọn ní irú rẹ̀ nígbà tí kajú bá tán. Ó ní ká ṣọ́ àwọn tó padà wá, ká sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ àti òbí wọn pé kí ni wọ́n rí sí i. Mo fẹ́ràn èyí. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ gbin iṣu tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

Abẹ́ igi kajú bàbá yẹn náà la ti ṣe é. Bí ọ̀kadà wa bá ti dún, bàbá á dìde dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, á ké sí àwọn ọmọ tó wà ní àwọn oko àyíká: “Ẹ máa bọ̀ o! Ìwé ti dé o!” Wọ́n á tú jáde láti abẹ́ igi gbogbo, àwọn mìíràn á ṣì máa fa èso mu. A fi pátákó ti ẹ̀yìn igi. Nígbà míì, kajú á já lulẹ̀ sórí ìwé ẹnì kan, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá á jókòó sórí odó rẹ̀, á máa bá àgùnbánirọ̀ ọkùnrin wí: “Rọra sọ ọ́, ọmọ mi! Ṣé òjò ń lé ọ ni?” Bó bá sì yá, oorun á gbé e lọ.

Ọmọkùnrin gíga kan wà níbẹ̀ tó máa ń dáhùn ìbéèrè ìṣirò kí àwọn yòókù tó ka ìbéèrè tán. Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. Wọ́n ní ó ti wọkọ̀ lọ sí Abuja. Mo wá ilé wọn lọ. Ìyá rẹ̀ kàn ń nu ojú ni.

Láàárín àkókò yẹn ni mo gbọ́ ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ wá sí ọsibítù. Èmi àti ọmọbìnrin náà mú bàbá lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń fi ẹ̀fẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

“Ìwọ ni Ìyàgbà yẹn? Mo rò pé o sanra jù báyìí lọ.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. Ọmọ kékeré ni ọmọ náà nígbà tí bàbá rí i kedere gbẹ̀yìn.

“Yéè,” ó ní. “O ti wá jọ ìyá rẹ àgbà.”

Ọmọ náà sáré jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni mo ti bá a, ó fi iwájú orí ti ògiri, ó ń sunkún. Mo dúró tì í.

Ó padà sí kíláàsì nígbà tí kajú ṣì wà lórí igi.

Nígbà tó yá, alábẹ̀wò kan wá láti Lokoja, ó fẹ́ mọ ohun tí a ń ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, “Ó dára. Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?” Mo sọ fún un pé ìṣirò àwọn ọmọ gòkè dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àwọn tó padà wá lẹ́yìn kajú sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó lọ sí Abuja pẹ̀lú.

Ó ní, “Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé kíláàsì yín ló mú un padà ni, àbí ojú tí wọ́n ṣe fún bàbá rẹ̀ àgbà?”

Mo fẹ́ dáhùn. Ọ̀gá wa ló gbà á lẹ́nu mi. “Ọ̀gá, ẹni tó ro oko, tó sì rí òjò, bí iṣu rẹ̀ bá ta, èwo ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jàre. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, a gbé kíláàsì lọ sí abúlé mìíràn láìkọ́kọ́ wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló padà sílé-ìwé. Láti ìgbà yẹn, a kì í gbé pátákó jáde mọ́ láì tíì jókòó nínú ilé wọn, ká mọ ohun tó dì wọ́n mú. Nígbà tí mo bi ọmọbìnrin yẹn léèrè pé kí ló ràn án lọ́wọ́ jù, mo rò pé á ní ojú bàbá. Ó ní, “Ẹ wá wò wá ni, mà. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá pe orúkọ mi tí mi ò dáhùn, wọ́n kàn máa ń pe ti ẹlòmíràn.”

Ìṣirò gbé e ṣubú ní ìdánwò àṣejáde lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kọ, ó yege, ó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀júkù, ní ilẹ̀ Ìyàgbà, ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Èdè Ìyàgbà ti wá wà lẹ́nu tirẹ̀ náà. Kí bàbá tó kú, ó fi ojú rẹ̀ rí ọkọ tó fẹ́ ẹ. Èmi, wọ́n ti gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ní Lokoja, níbi tí fèrèsé mi ti kọjú sí ògiri.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin náà wá kí mi. Iyán ni mo gún. Bí a ṣe ń jẹun, ó ní òun rí ọmọkùnrin gíga yẹn ní Abuja. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, ó sì ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ pe òun.

“Ó ní kí n kí yín, mà. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò sá fún kíláàsì o, ebi ló lé òun. Ó ní ìṣirò tí àgùnbánirọ̀ yẹn kọ́ òun lábẹ́ igi, òun ṣì fi ń wọn irin.”

Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ nínú abọ́. Nínú gbogbo ìjábọ̀ tí mo kọ nípa kíláàsì yẹn, ara àwọn tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni mo ka ọmọ yẹn mọ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kọ irú èyí sí.

Mo bi í pé, “Ṣé ó ń jẹun dáadáa báyìí?”

Ó ní, “Ó sanra, mà.”

Mo tún bu ọbẹ̀ sí i fún un.