"Fine, we thank God" tí mo sọ fún dókítà

Ìkíni ló kó bá mi lónìí.

Ìjọba gé owó tí wọ́n ń fún mi nítorí àárẹ̀ ọpọlọ, mo sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láàárọ̀ yìí, èmi nìkan ni mo wọ train láti Evanston, ìlú òyìnbó tí mò ń gbé, lọ síwájú adájọ́.

Ó ka ìwé dókítà ìjọba sí mi létí: "Mo bi í pé báwo ni. Ó ní, 'Fine, we thank God.'" Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mí. Bí ilé ń jó lórí wa, a dúpẹ́ la máa kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ á bi wá lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà yín ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì."

Ohùn adájọ́ rọ̀. "Nílé ńkọ́, ta ló máa ń bi yín lẹ́ẹ̀kejì?"

Mi ò rí ẹni dárúkọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bi mí pé ṣé dáadáa ni. Màá ní a dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi mí.