Ìparí Tí Wọ́n Ní Kí N Kọ

Bí mo bá rí olóòtú yẹn lójú ọ̀nà lónìí, n ò ní kí i. Èmi tí ìyá mi kọ́ láti kékeré pé kí n máa kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá jù mí lọ, màá wo ojú rẹ̀ kedere, màá sì kọjá. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀ mí títí pé kí n gbàgbé, pé ìwé ṣáà jáde, pé orúkọ mi ṣáà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé jáde lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, yàrá kan ṣoṣo ni mo sì háyà ní Ìdímù. Tábìlì kò gba inú yàrá náà, nítorí náà inú kíláàsì ni mo ti ń kọ ìwé mi. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán lọ́sàn-án, màá nu eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí tábìlì, màá ti ilẹ̀kùn, màá kọ ojú ìwé mẹ́ta kí ọlọ́dẹ tó wá kànlẹ̀kùn pé òun fẹ́ ti géètì. Mẹ́ta ni, kò gbọdọ̀ dín. Apá ọ̀tún ìwé nìkan ni mo ń kọ nǹkan sí. Apá òsì wà fún ìjà tí màá bá ara mi jà lọ́jọ́ kejì, tí màá fa ọ̀rọ̀ yọ, tí màá tún fi òmíràn sí i. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé nóòtù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń kọ, wọ́n sì ń yìn mí lójú ọ̀gá.

Obìnrin onídìrí kan ń gbé ilé kejì sí tiwa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sì máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ilé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni èmi náà ń lọ jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀, tí á fi ọwọ́ tẹ orí mi síwájú. Ẹni tó bá ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn ń lọ. Ṣùkú ni mo máa ń ṣe, ṣùkú tirẹ̀ kì í sì í tètè parí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ìpàkọ́ mi ni obìnrin yìí sọ tirẹ̀ fún. Bóyá nítorí pé kò rí ojú mi ló ṣe lè sọ ọ́ tán.

Ọkọ tó fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fẹ́ kó máa dirun. Ó ní ìyàwó òun kò ní máa fọwọ́ pa orí kiri. Ó nà án lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, nígbà tó sì yá, ó kó gbogbo òòyà rẹ̀ jọ, ó dáná sun wọ́n. Òòyà onígi kan tí ìyá rẹ̀ fún un ló kù. Ó fi í sínú ìró, ó pọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu bọ̀ ní Èkó. Òòyà yẹn náà ló fi ń dirun fún mi. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọmọ tó pọ̀n ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Àkọ̀wọ́njọ, ìyá rẹ̀ sì ti ra ìlàjì pulọ́ọ̀tì ní Ìgàndó, ó ń kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ le, ẹ̀rín rẹ̀ ń dé ojú títì, kò sì padà sílé ọkọ. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi í kọ ìwé, láìní dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí mi.

“Ẹ kọ ọ́,” ó ní. “Àmọ́ Tíṣà, ẹ má pa mí síbẹ̀ o. Ẹ má sì jẹ́ kí n ya wèrè. Gbogbo ìtàn tí mò ń gbọ́ lórí rédíò, obìnrin tó bá ti kọ ọkọ, wèrè ló ń yà gbẹ̀yìn.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ṣèlérí. Bí ẹ ṣe wà yìí náà ni màá ṣe parí ẹ̀.”

“Ẹ ṣeun jàre. Ẹ tẹrí sílẹ̀.”

Ọdún méjì ni mo fi kọ ọ́. Mo gbé e fún obìnrin kan tó ń taìpù ní Ìkòtún, nígbà tó sì ṣe tán, mo fi bírò fi àmì ohùn sí orí gbogbo ọ̀rọ̀ fúnra mi, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní i. Ọrùn dùn mí fún oṣù kan gbáko. Inú mi dùn sí ìrora náà.

Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn fi ìwé náà pamọ́ fún ọdún kan ó lé kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba ibẹ̀ lọ. Olóòtú náà ti dàgbà. Ó ń fi igi ìṣáná ta eyín bí mo ṣe ń kí i lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní Yorùbá mi dùn, pé òun dá rẹ́rìn-ín níbì kan. Ara mi yá gágá, bí òmùgọ̀.

“Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ò tíì parí,” ó ní.

“Ó ti parí, sà.”

“Obìnrin kọ ọkọ sílẹ̀, ó gbé ọmọ sá wá sí Èkó, ó wá ń kọ́lé. Ẹ̀san dà? Tíṣà ni yín, àbí? Bí wọ́n bá bi ọmọ nínú ìdánwò pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn náà kọ́ wa, kí ni kó kọ?”

Mo ní kó kọ ọ́ pé obìnrin náà yè é.

Èyí pa á lẹ́rìn-ín ju ibi tó ní òun ti rẹ́rìn-ín nínú ìwé náà lọ. Ó ní bébà ti wọ́n látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ bá máa rà nìkan ni àwọn ń tẹ̀, àwọn tó ń yan ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní fọwọ́ kan èyí. Ó ní kí n jẹ́ kí obìnrin náà ya wèrè, kí n mú un wọ ìgboro, kó tán. “Kò ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ,” ó ní, bí ẹni tó ń rán mi lọ ra àkàrà.

Mo gbé ìwé mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Láti Ìbàdàn dé Èkó ni mò ń bá ọkùnrin náà jà nínú ọkàn mi. Ta ló sọ fún un pé ẹ̀san obìnrin nìkan ló yẹ ká máa wá? Ọkùnrin tó dáná sun òòyà ńkọ́? Olóòtú kò bi mí léèrè rẹ̀ rárá. Ìyẹn lè máa jẹun, kó máa sùn, kó máa wọ́ agbádá lọ sí mọ́sáláṣí títí ìwé fi parí, kò sí ẹni tó máa sọ pé ìtàn kò tíì parí. Mo ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún pípẹ́. Èmi fúnra mi ti fi pẹ́ńsù pupa fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó kọ ọ́ pé ó yẹ kí obìnrin máa fara dà á. Ìyẹn tún wá dá kún ìbínú mi.

Ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn dá ìwé náà padà. Ọ̀kan sọ ohun kan náà, èkejì kò tilẹ̀ tú okùn tí mo fi dì í. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní yàrá àwọn tíṣà, ẹnìkan á bi mí lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ pé, “Òǹkọ̀wé, ìwé dà?” wọn á sì fi mí rẹ́rìn-ín.

N ò ní purọ́, mo gbà fún olóòtú Ìbàdàn yẹn. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, mo sì fẹ́ rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé kí ìyá mi tó kú. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Mo jókòó ní kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò kan sì wọlé tọ̀ mí wá, mo sì fún un níjòókòó. Èrò náà ni pé: onídìrí kò mọ̀wé kà. Ta ló máa sọ fún un?

Ọ̀sán kan péré ni mo fi kọ wèrè náà. Ojú ìwé mẹ́sàn-án, ọlọ́dẹ kò tíì dé tí mo fi ṣe tán, apá òsì kò sì ní ìjà kankan. Ó rọrùn nítorí pé mo ti kà á nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà. Mo gbé obìnrin náà jókòó sí gáréèjì ní Ìkòtún, mo fi òòyà onígi sí i lọ́wọ́, mo ní kó máa di irun ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n fi òòyà síbẹ̀. Èmi ni mo mú un, nítorí mo mọ̀ pé yóò dára kà.

Nígbà tí ìwé jáde, mo mú ọ̀kan lọ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó ní àdí mọ́ ìró kó tó gbà á. Ó ní kí n ka ìparí fún òun. Mo ṣí ojú ewé tí wèrè wà, mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì ka èyí tí mo kọ́kọ́ kọ jáde láti orí: obìnrin náà jókòó sí fàráńdà ilé tuntun rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń ya irun fún ọmọ rẹ̀. Ohùn mi kò gbọ̀n. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó wé ìwé náà mọ́ aṣọ, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó ní ọmọ òun kò tíì gbọdọ̀ mọ ohun tí ojú òun rí.

Olóòtú kò purọ́ nípa ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n yan ìwé náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà láàárín orúnkún onídìrí, ó ti di apá òsì orí mi tán, ó ń bọ̀ ní apá ọ̀tún, ni ọmọ rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́ àti bírò.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ma, ìwé yín ni wọ́n fi ṣe àṣetiléwá fún wa. Ẹ bá mi dá ìbéèrè tó gbẹ̀yìn lóhùn. ‘Ẹ̀kọ́ wo ni ìgbẹ̀yìn obìnrin yìí kọ́ wa?’”

“Ka ibẹ̀ jáde ná,” ìyá rẹ̀ sọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀. “Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn, ibi tó jókòó sí fàráńdà.”

“Fàráńdà kọ́, Màámi. Gáréèjì ni.”

Mo fẹ́ gbé orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí mi. Ọmọ náà kà á dáadáa, ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, gẹ́gẹ́ bí àwọn tíṣà bíi tèmi ṣe ń kọ́ wọn. Nígbà tó dé ibi òòyà onígi, òòyà náà wà nínú irun mi, kò sì lọ, kò bọ̀. Ọmọ náà kà á dé òpin.

“Lọ bá mi gbé omi kaná,” ìyá rẹ̀ wí fún un. Ó dúró títí ọmọ náà fi wọlé. “Tíṣà, èyí tí ẹ kà fún mi ńkọ́?”

“Òun ni mo kọ́kọ́ kọ, ẹ̀gbọ́n. Olóòtú tó wà ní Ìbàdàn ló ní wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ àfi tí mo bá parí ẹ̀ báyìí.”

“Ó mọ̀ mí ni?”

“Rárá.”

“Òun ló fi òòyà ìyá mi síbẹ̀?”

Ó rọra fa òòyà yọ kúrò nínú irun mi.

“Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí,” ó ní. “Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ lọ bá ẹni tó bá yín parí ìwé, kó bá yín parí irun.”

Mo dìde. Apá òsì orí mi ti di ṣùkú, apá ọ̀tún dúró gànnàkù. Mo fa gèlè kékeré bò ó, mo rìn dé ilé, àwọn ọmọ kíláàsì mi kan sì kí mi lọ́nà pé, “Ẹ káàsán, Àǹtí òǹkọ̀wé.” Mo fi ọwọ́ ara mi tú apá tó dì níwájú dígí. Mo ń ṣépè fún olóòtú bí mo ṣe ń tú u, àmọ́ ojú mi ni mò ń wò.

Láti ìgbà náà, ìparí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ bí mo bá fẹ́ kọ ìwé. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ló ni ìtàn náà, màá kà á fún un láti inú bébà kí n tó kọ orí kìíní. Mo kọ̀wé sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n dá fàráńdà padà bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, gáréèjì náà ló wà níbẹ̀.

Onídìrí kò bá mi jà. Títí tó fi kó lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìgàndó, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó ń dá mi lóhùn, ó sì ń béèrè ìyá mi. Kò fọwọ́ kan orí mi mọ́.