Ọsàn Ìkórè àti Bẹ́ńṣì Ẹ̀yìn

Òórùn tòmátì tó ti rà la máa ń jí sí ní Ìkòsí, nítorí ọjà Mile 12 kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sunday Ìkórè yẹn, òórùn ọsàn ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ti kó ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu tuntun síwájú pẹpẹ. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n kí pásítọ̀ tó gbàdúrà sí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo mú ọsàn kan, mo jẹ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi fúnra mi ni mo lọ jẹ́wọ́ fún Mummy, nítorí ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi lórí: "Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́. Dìde, ọmọ mi."

Ó yẹ kọ́rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Aunty Dúpẹ́, olùkọ́ Sunday School wa, ní bẹ́ńṣì kan lẹ́yìn pátápátá fún ọmọ tó bá ṣẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í bá wọn kọrin, kì í ka àkọ́sórí. Aunty ní kí n lọ jókòó síbẹ̀: "Olè ilé Ọlọ́run, ẹ̀yìn ni tìẹ." Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bẹ́rí fún mi: "Ìyá Ọlọ́sàn, ẹ kú ìjókòó o!"

Ní Sunday kẹrin tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, Aunty ń kọ́ wa pé Ọlọ́run a máa ju ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ti dárí jì sínú ibú òkun. Mo dìde.

"Aunty, ṣé tèmi náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ta ló wá ń fi àwọ̀n wọ́ ọ jáde ní gbogbo Sunday, bí àwọn apẹja Àgbóyì?"

Ẹ̀rín bú. "Ẹnu ẹ á pa ẹ́!" ni Aunty ń pariwo, ṣùgbọ́n mo ti dé iwájú, mo ti jókòó sáàyè mi àtijọ́. Wọ́n fi pàṣán lu àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi wú. Mi ò padà sẹ́yìn. Nígbà tí mo délé, Mummy fi òrí pa ọwọ́ mi, wọn ò bá mi wí. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Sunday tó ń bọ̀, iwájú náà ni kí o jókòó sí."

Mo ti kàwé gboyè báyìí, mo sì mọ ẹjọ́ í rò. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó mi tú, tí mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi níbẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ọdún méjì ni mo fi ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí Aunty kankan níbẹ̀. Èmi ni mo gbé bẹ́ńṣì náà kalẹ̀ fúnra mi. Ọmọ ọlọ́sàn yẹn láyà jù mí lọ.

Lọ́jọ́ Ìkórè tó kọjá, mo ru agbọ̀n ọsàn kan, mo gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo jókòó síwájú. Ẹni tó bá ṣì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ mi, òkun nìyẹn.