Ibi tí Ilẹ̀ ti Kọ́kọ́ Ń Mọ́

Mo rántí ìgbà tí a ní ẹnìkan nílé wa ní Ọ̀fà tó mọ gbogbo ayé. Àbúrò bàbá mi ni, bàbá kékeré là ń pè é. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Jámánì fún oṣù mélòó kan péré, kò tíì dé tán tó ti di ọ̀gá lórí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó ní yìnyín wọn a máa dùn bí èèyàn bá lá a. Ó ní kò sí ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, pé oòrùn ti sun ìyẹ́ wọn. Ó ní àkùkọ òyìnbó kì í kọ títí aago á fi lù. Ṣíọ̀! Àwọn àgbà á sì máa mi orí, wọ́n á ní ẹni tó rìn ló mọ̀. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Tiẹ̀ yàtọ̀ o, ó dé oko olóko lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń sọ pé ti bàbá òun kì í ṣe oko.

Mo wà ní fọ́ọ̀mù fóò nígbà náà. Mo ti ka jọ́gíráfì díẹ̀, èmi náà sì ti ń rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wojú Ọlọ́run kó tó bí ọmọbìnrin kan. Ó tẹ ilé Alhaji kan láago, ẹnì kan ṣoṣo tó ní tẹlifóònù ládùúgbò wa. Ó ní Sátidé ni ìkómọ, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwọn, òun á sì pè lákòókò náà kí Mọ́mì lè pe oríkì sọ́mọ létí. Inú ìyá mi dùn débi pé kò lè jẹun. Àwẹ̀ró ló fẹ́ pè é, oríkì ìyá tó bí òun alára. Ó ní èyí tí etí ọmọ bá kọ́kọ́ gbọ́ ni orí rẹ̀ ń mọ̀.

Aago mélòó wá ni mẹ́jọ tiwọn lọ́dọ̀ wa? Bàbá mi ti kú, ẹnu bàbá kékeré ni abẹ gé. Iyán iṣu Òjòkú tí ìyá mi gún ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó bu òkèlè, ó ṣe é roboto, ó ní ayé nìyí.

"Òyìnbó ló ṣáájú wa nínú ohun gbogbo, ilẹ̀ á wá mọ́ bá wa kó tó mọ́ bá wọn? Ẹ ti wà nílé Alhaji lẹ́yìn ìrun àsùbáà."

Mo ní ọ̀dọ̀ wa ni oòrùn kọ́kọ́ ń dé, pé ọ̀sán ni wọ́n máa pè.

"O ti dé ọ̀hún rí?"

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́. "Dákẹ́! Bọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn, ọmọdé ni."

Bàbá kékeré gbé ayé mì, ó nu ọwọ́.

Ní Sátidé, àfẹ̀mọ́júmọ́ la ti débẹ̀. Ìyá mi wọ léèsì funfun, ó jókòó ti tẹlifóònù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, bàbá kékeré dìde. "Wọ́n ti ṣe é tán. Waya Nàìjíríà ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo bẹ ìyá mi pé ká dúró díẹ̀ sí i. Ó wò mí, ó wò ó, ó tẹ̀lé àgbà.

A kò tíì bọ́ṣọ tán tí ìyàwó Alhaji fi sáré wọlé, ó ní wọ́n ń pè. Ìyá mi sáré láìwé gèlè, láìwọ bàtà. Ká tó débẹ̀, ó ti já. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún pè lọ́jọ́ kejì, ẹkún ló ń sun. "Mọ́mì, a dúró títí." Obìnrin Ìjẹ̀bú kan láàárín àlejò ló pe ọmọ ní Àbẹ̀kẹ́.

Bàbá kékeré ní Amẹ́ríkà ló yí aago wọn padà. Ẹ gbà mí!

Ó ti darúgbó báyìí, iwájú ilé ló ń jókòó sí, ó ń kọ́ àwọn tó ń kọjá nípa ilẹ̀ Ṣáínà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, torí pé àṣà ni. Eékún mi ló ń kí i, kì í ṣe èmi. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ wálé, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó ké pè é, "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi!" Ọmọ náà wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.