Ẹ̀jẹ̀ Mi Kọ̀, Kò Dá

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ o! Èmi tí mò ń ru blọ́ọ̀kù méjì lẹ́ẹ̀kan dé òkè kejì! Ẹ bi wọ́n ní àdúgbò Under G, gbogbo sáìtì ló mọ̀ mí.

Ìpákè ló mú mi. Dókítà ní àwọn máa gé e, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mò ń lo oògùn kankan. Oògùn kẹ̀? Ṣé mo jọ arúgbó ni? Mo ní n kì í lo nǹkan kan!

Ní láàbù, àǹtí kan fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọn fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó dì. Ó tún gún mi létí, ó ń fi bébà nù ún, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Márùn-ún. Ó di mẹ́wàá, ó ṣì ń kán!

Màmá mi tó wá láti Ọ̀yọ́ bú sẹ́kún. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àbúrò àwọn tó jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n dá a lábẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ó sì kú. Ha! Gbogbo fọ́ọ̀mù mi bá wábi gbà.

Àǹtí ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Tinú ìgò dì lásìkò. Tó bá ṣe irú ti àbúrò yín ni, ìyẹn ni ì bá pẹ́." Ó ní wóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sáré dí ojú ihò, kí okùn tín-tìn-tín tó wá dè é pa. Bíi blọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì! Ìyẹn yé mi.

"Okùn tìẹ dáa. Wóró ẹ ló ń sùn. Kí lò ń gbé mì?"

"Kò sí, mà."

"Ara kì í ro ẹ́ ni, pẹ̀lú blọ́ọ̀kù tó ò ń rù?"

"Ara wo? Ìyẹ̀fun ẹ̀fọ́rí méjì láràárọ̀, mo ti dà á sẹ́nu kí n tó débi iṣẹ́. Gbogbo wa ni!"

Àǹtí ní, "Kí wá ni oògùn, bọ̀dá? Ìyẹ̀fun yẹn ló ń mú kí wóró ẹ máa sùn."

Màmá mi fọ́ mi létí, èyí tí wọn ò gún. "Olóríkunkun! O jẹ́ kí n tún sunkún òkú tí mo ti sin tipẹ́!"

Dókítà sún iṣẹ́ abẹ síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ìyẹ̀fun, kò sí blọ́ọ̀kù. Wọ́n tún mi gún, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó dá! Wọ́n gé e, mo wà láyé.

Tí wọ́n bá gé mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tèmi, tí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbé mì, tó fi dórí èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò bí omi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń dà sẹ́nu láràárọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí màmá yín tó gbọ́!