Eré Tí Wọn Kì Í Ka Àmì Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ti yọ tí òmíràn kò tíì hù, ìjàkadì la fi ń mọ̀ ní ìlú wa pé ọdún ti dé. Ìlú kékeré kan ni ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àdúgbò méjì péré ló ní, Òkè àti Ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún, akọni mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń jáde láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àdúgbò tó bá sì borí ni yóò máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún mìíràn yóò fi yí po. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ ọdún ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìjàkadì kan wà tó máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, tí a ń pè ní ìjàkadì ìmúra. Kò sí ẹni tó ń ka ẹni tó borí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè jáde, ì báà jẹ́ arúgbó, ì báà jẹ́ ẹni tí kò lè gbé ewúrẹ́ ṣánlẹ̀.

Bàbá mi wà lára àwọn tí kò lè gbé ewúrẹ́ ṣánlẹ̀. Kápẹ́ńtà ni, èèyàn tó le ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè wà nídìí iṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju "gbé ìṣó wá" lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń gbé e ṣánlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Lọ́dọọdún náà ni yóò dìde, tí yóò gbọn erùpẹ̀ kúrò lára, tí yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan la máa ń gbọ́ orin láti ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá mi a máa sọ pé ọkọ méjì lòun fẹ́, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ ìjàkadì, ọ̀kan fún ìyókù ọdún.

Lọ́dún kan, bàbá mi àti akọni tó lágbára jù ní àdúgbò wa jọ ṣubú lulẹ̀, èjìká akọni náà sì yẹ̀. Ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Bàbá mi kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò sì jẹ ní ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n ní kí wọ́n fòpin sí ìjàkadì ìmúra, pé ohun tí kò lérè nínú kò yẹ kó ní ewu. Kí a má parọ́, ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Akọni yẹn fúnra rẹ̀ ló dìde, tòun ti apá tí wọ́n fi aṣọ so mọ́ àyà. Ó ní, "Ṣé nítorí pé ẹnì kan já láti orí ọ̀pẹ, a ó wá gé ọ̀pẹ lulẹ̀? Èmi rí ọjọ́ ọdún jà. Kápẹ́ńtà yìí ńkọ́, níbo lẹ fẹ́ kó ti máa ṣubú?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àdúgbò wa fìdí rẹmi lọ́dún náà, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ débi tí a kò lè lọ pọn omi ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ìjàkadì ìmúra kò dúró. Bàbá mi ń jà á títí orí rẹ̀ fi funfun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi rántí.

Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé báyìí. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé mi kò sì jìnnà sí Parsloes Park. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, ó ti sún mọ́ ogójì ọdún. Nọ́ọ̀sì ni, Barking Riverside ló ń gbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ náà ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń jókòó. Tí mo bá lọ kí i, a ó jọ máa wo odò láti ojú fèrèsé bí àjèjì méjì tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Obìnrin ará Ọsirélíà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ló fà á lọ sí pápá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà, ẹ má fi wé èyí tí ẹ mọ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fọwọ́ hán an, wọ́n ń gbé e sá. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá, kò sì sí àwọ̀n. Tí bọ́ọ̀lù bá gba àárín àwọn òpó méjì tó ga kọjá, àmì mẹ́fà ni. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́, àmì kan. Wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò. Ìgbà tí ooru bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìdíje wọn gan-an máa ń wáyé. Kó tó dìgbà yẹn, nínú òtútù oṣù kẹta, wọ́n máa ń gbá eré ìmúra bíi mẹ́ta tí wọn kì í ka àmì rẹ̀ sí nǹkan kan.

Ọmọ mi kò yára. Tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, omi ló máa ń gbé fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ eré ìmúra, yóò gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò máa pariwo "Ó yá! Ó yá!" kiri pápá, àwọn òyìnbó náà a sì máa gbè lẹ́yìn rẹ̀.

Bí èmi náà ṣe di ara wọn, ẹ ó rẹ́rìn-ín mi. Aládùúrà ni mí, aláṣọ funfun. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí a jáde nínú ìsìn òwúrọ̀, mo gba Parsloes Park kọjá nínú sùtánà mi láti lọ wo ọmọ mi. Mo dúró jẹ́ẹ́jẹ́ mi lẹ́yìn òpó. Ni ará Ọsirélíà yìí, tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ wọn, bá sáré wá, ó kó àsíá funfun méjì lé mi lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi rò pé ọmọ mi ti sọ fún wọn pé alàgbà ni bàbá òun, pé wọ́n fẹ́ kí n gbàdúrà sí pápá náà. Mo gbé àsíá sókè, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, mo ń fì wọ́n sọ́tùn-ún sósì, mo ń ké "Mímọ́! Mímọ́!" Bọ́ọ̀lù àwọn tó wà lódì kejì fò lọ sínú igbó, mo fì àsíá, wọ́n kọ àmì mẹ́fà fún wọn.

Ọmọ mi ló sáré wá. "Daddy! Ẹ dúró ná! Goal umpire ni wọ́n fi yín ṣe o, it's not prayer!"

Àṣé nílùú wọn, ẹ̀wù funfun ni ẹni tó ń ṣọ́ òpó máa ń wọ̀ láyé àtijọ́, àsíá ló sì fi ń sọ pé bọ́ọ̀lù wọlé. Obìnrin yẹn rí sùtánà mi, ó rò pé adájọ́ ti múra dé. Torí pé wọn kì í ka àmì ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó bínú. Ọmọ mi di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín lórí koríko tútù. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń fì àsíá ní gbogbo eré ìmúra wọn.

Ní èṣí, wọ́n pín ara wọn sí méjì láti fi dánra wò. Ọmọ mi àti balógun wọn fò sókè nítorí bọ́ọ̀lù kan náà. Èjìká ọmọ mi ba balógun lẹ́gbẹ̀ẹ́, balógun balẹ̀ gbọọrọ, orúnkún rẹ̀ sì yí. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Àwọn dókítà ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko.

Wọ́n pe ìpàdé nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, bóyá kí eré ìmúra máa wà lọ tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Mo tọrọ àyè, mo dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo sọ ti ìlú wa fún wọn, mo sọ ti bàbá mi àti akọni tí èjìká rẹ̀ yẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi kò já gaara, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, balógun tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá ni mo ń wò. Mo ń retí kí ó dìde.

Kò dìde. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó ní, "Lovely story, sir. But it doesn't count for anything, does it?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́ nawọ́ sókè. Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè.

A rìn dé ibùdókọ̀. Mo bi í léèrè ìdí.

"Daddy, èmi ni mo ṣe é. Everybody dey look me. Tí wọn ò bá gbá a mọ́, wọn ò ní máa wò mí mọ́."

"Ìwọ náà kò wá ní rí i gbá mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. N kò lè dá obìnrin tó fara pa lẹ́bi, ara ló ń ta á. N kò lè dá ọmọ mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹni tó ṣubú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó gbé e ṣubú, àwọn èèyàn sì gbà láti pàdánù kí kápẹ́ńtà kan lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ayé ìsinsìnyí kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá lè kà nìkan ló jẹ́ nǹkan lójú wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà wo lẹ gbẹ̀yìn ṣe ohun tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò torí rẹ̀ dá yín lẹ́bi?

Inú mi bàjẹ́, n kò ní fi bò. Oṣù kẹta ọdún yìí ti dé, ó ti lọ, wọn kò gbá eré ìmúra kankan. Ọmọ mi ti bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi òun síbi iṣẹ́ ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì ti gbà fún un.